Bi Ìlà Léèrè Iṣẹ́ Tó Ń Ṣe Kí O Tó Pa Á Rẹ́

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń tún àwòrán iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ yà, kí ohun tí a fi í kọ́ lè ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gbà kíá, nítorí iṣẹ́ tí mo ti ṣe jù láyé mi nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ló ń lálàá pé òun á jókòó ti bébà funfun, òun á ya ohun tí ẹnikẹ́ni kò yà rí. Bébà funfun ṣọ̀wọ́n o. Ohun tí wọ́n máa gbé síwájú yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ ni àwòrán tí ẹlòmíràn ti yà, tí ẹlòmíràn tún ti fi bírò pupa ha nǹkan sí lára. Wọ́n á ní, "Ó ń gbóná jù," tàbí "Ó ń jẹ iná jù," tàbí "Ó ń pẹ́ kó tó parí iṣẹ́. Wá nǹkan ṣe sí i."

Nǹkan méjì ni mo gbé dání. Ọ̀kan ni rúlà onírin yìí. Ìkejì wà nínú àpò dúdú tó wà lẹ́sẹ̀ mi, màá yọ ọ́ tó bá yá.

Ẹ wo rúlà yìí. Ó fẹ̀ tó mìlímítà 30, kò sì nípọn ju mìlímítà kan lọ. Mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sétí tábìlì, ìdajì rẹ̀ yọ síta. Mo fi ìka kan tẹ orí rẹ̀ báyìí, ẹ rí i, ó tẹ̀ kọdọrọ. Mo tún yí i, mo mú kó dúró lórí etí rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ níbì kan náà. Kò mira. Irin kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni, n kò fi nǹkan kan kún un. Bí igi ìdábùú ṣe ń kọ̀ láti tẹ̀ ń pọ̀ sí i bí ó bá ṣe fẹ̀ tó, ṣùgbọ́n ní ti gíga, a ó fi gíga náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ lọ ṣe ìṣirò rẹ̀ fún rúlà yìí: bó ṣe dúró lórí etí yìí, ó le ní ìlọ́po 900 ju ìgbà tó sùn lọ.

Irú àtúnṣe tó ń dùn mọ́ mi nínú jù nìyẹn, èyí tí a kò fi owó ra nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Bí mo bá tẹ rúlà tó wà lórí etí yìí ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ wò ó, kò tẹ̀ wálẹ̀, ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ wìì, ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tó sùn, kò lè yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àìsàn kan lọ, òmíràn wọlé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Glasgow, ní Scotland, lọ́dún 1763. Yunifásítì ìlú náà ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, àwòṣe ẹ̀rọ olóoru omi tí Thomas Newcomen gbé jáde lọ́dún 1712 láti máa fa omi kúrò nínú ihò ìwakùsà. Ẹ̀rọ kékeré yìí ya ọ̀lẹ. Ó máa lù lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó dákẹ́. Wọ́n gbé e fún James Watt, tó ń ṣe ohun èlò ìwọ̀n nínú ọgbà yunifásítì náà, pé kó bá wọn tún un ṣe.

Bí ẹ̀rọ Newcomen ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ooru omi á kún inú sílíńdà, àgbá irin kan, lábẹ́ písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Wọ́n á wá fọ́n omi tútù sínú sílíńdà náà. Ooru á dà padà di omi, àyè tó gbà tẹ́lẹ̀ á ṣófo, afẹ́fẹ́ ìta á sì ti písítìn wálẹ̀. Iṣẹ́ nìyẹn. Tó bá kan èkejì, ooru tuntun á wọlé, ṣùgbọ́n ògiri sílíńdà ti tutù báyìí. Púpọ̀ nínú ooru tó wọlé á kọ́kọ́ ṣòfò sórí mímú ògiri yẹn gbóná padà, kí písítìn tó lè gbéra rárá. Bó ṣe ń ṣe é láàárọ̀ ló ń ṣe é lálẹ́: èédú ń jó, omi ń hó, ògiri irin ló ń gba ohun tó yẹ kó lọ sórí iṣẹ́.

Ẹlòmíràn á ní kí a fi èédú kún èédú. Ẹlòmíràn á ní kí a yí ìwọ̀n sílíńdà padà díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi rí èyí tó dára jù. Ohun tí John Smeaton ṣe nìyẹn láyé ìgbà náà. Ó fi òṣùwọ̀n àti sùúrù tún àwọn ẹ̀rọ Newcomen ṣe títí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí èédú kan náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. N kò fojú kéré irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀; iṣẹ́ tó ń fi oúnjẹ sẹ́nu ọ̀pọ̀ wa ni. Àmọ́ ìbéèrè mìíràn ni Watt bi sílíńdà yìí: iṣẹ́ mélòó lo ń ṣe? Èsì rẹ̀ ni pé méjì ni. Ó yẹ kó gbóná kí ooru má baà ṣòfò. Ó tún yẹ kó tutù kí ooru lè di omi. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n rán níṣẹ́ sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọdún 1765 ni ìdáhùn dé sí i lọ́kàn. Kí ló dé tí ooru kò fi lọ di omi níbòmíràn? Ó fi àgbá kejì kún un, páìpù so àgbá náà mọ́ sílíńdà. Àgbá yìí ni yóò máa tutù títí ayé, sílíńdà ni yóò máa gbóná títí ayé. Ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ lọ́dún 1769. Síbẹ̀, ọdún 1776 ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi, nítorí pé fún ìgbà pípẹ́ kò sẹ́ni tó lè gbẹ́ inú sílíńdà ńlá kó rí róbótó dáadáa. Àfi ìgbà tí John Wilkinson ṣe ẹ̀rọ kan lọ́dún 1774 láti fi gbẹ́ inú ìbọn àgbá. Ẹ̀rọ yẹn ló gba Watt sílẹ̀. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ tí inú ń bí nítorí pé wọ́n dá èrò rere kan tí kò ì bọ́ sí i. Bóyá èrò yín kò burú, bóyá ẹni tó máa gbẹ́ sílíńdà yín ni kò ì tíì dé.

Èédú tí ẹ̀rọ Watt ń jẹ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tí ti Newcomen àtijọ́ ń jẹ. Òun àti Matthew Boulton tí wọ́n jọ ń dòwò wá ṣe ohun kan tó gbọ́n. Wọn kò béèrè ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó èédú tí oníbàárà bá tọ́jú. Ẹni tó bá dá ara rẹ̀ lójú pé àtúnṣe òun wúlò ló lè gba owó lọ́nà yẹn.

Ìtàn kejì kò lọ́jọ́ lórí tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1997, Interface, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kápẹ́ẹ̀tì, fẹ́ kọ́ ibùdó kan sí Shanghai, ní Ṣáínà. Páìpù kan wà nínú rẹ̀ tí ohun olómi gbígbóná á máa gbà yí po. Àwọn kan ti ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo pọ́ǹpù inú rẹ̀ á sì gba agbára ẹṣin 95. Jan Schilham, ẹnjiníà Interface, gba àwòrán náà, ó yí i. Ó sọ páìpù di ńlá, ó sọ pọ́ǹpù di kékeré. Ohun kejì tó ṣe ló wá jọ mí lójú jù: ó ya ojú ọ̀nà páìpù ná, kó tó wá gbé àwọn ẹ̀rọ sí ìdí páìpù. Gbogbo wa ni a ń ṣe òdì kejì. A ó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ tán, a ó wá máa fi páìpù rápálá láàárín wọn, ìgbọ̀nwọ́ níhìn-ín, ìgbọ̀nwọ́ lọ́hùn-ún. Ti Schilham kúrú, ó sì tọ́. Agbára tí pọ́ǹpù ń fẹ́ já wálẹ̀ láti ẹṣin 95 sí 7.

Kò sí oògùn nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iye omi tó ń kọjá wà bó ṣe wà, kí ẹ sọ fífẹ̀ páìpù di ìlọ́po méjì, ìjà tí ògiri páìpù ń bá omi jà á dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú 32. Pọ́ǹpù kò ní iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀ ju kó borí ìjà yẹn lọ. Nítorí náà, ẹni tó ya páìpù tóóró ló yan pọ́ǹpù ńlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé tí wọ́n fi ra pọ́ǹpù. Mo ti rí ibi tí wọ́n ra pọ́ǹpù tó lágbára jù, tí wọ́n wá fi fáàfù, ohun tí a fi ń dí omi lọ́nà, há a lọ́fun kí omi lè mọ níwọ̀n. Ọkùnrin kan ń tẹná, ó tún ń tẹ bíréèkì! Níbi tí omi bá kàn ń yí po, tí kò ní òkè tó ń gùn, ẹ dín ìyára pọ́ǹpù kù sí ìdá 80 nínú 100, agbára tó ń fẹ́ á bọ́ sí nǹkan bí ìdá 51. Fáàfù tí wọ́n fi há a lọ́fun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé.

Títí di ibi tí a dé yìí, ẹni tó gbọ́n ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi.

Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà ń ṣe pọ́ǹpù. Irin kan wà láàárín ibi tí omi ń gbà kọjá àti ibi tí béárìn, ohun oníbọ́ọ̀lù tí ọ̀pá ń yí lórí rẹ̀, jókòó sí; ọ̀pá tó ń yí gba inú rẹ̀ kọjá, síìlì kan sì wà lára ọ̀pá náà tí kì í jẹ́ kí omi kọjá. Lábẹ́ irin náà gan-an, ihò kan wà, kò fẹ̀ ju mìlímítà mẹ́fà lọ. Àwọn oníbàárà ń kùn pé omi máa ń kán láti inú ihò yìí, pé ó ń sọ ilẹ̀ àwọn di ìdọ̀tí. Àwọn tó ń gbẹ́ irin náà ń kùn pé ihò yìí gba kí àwọn yí irin náà dojú dé lórí ẹ̀rọ, ó ń jẹ àkókò. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ fún mi.

Mo wò ó. Kò sí ọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. Kò sí bóòtù tó ń wọ inú rẹ̀. Kò sí páìpù tó ń so mọ́ ọn. Mo tilẹ̀ ṣe ìṣirò, mo rí i pé irin náà á le sí i bí kò bá sí ihò. Oníbàárà á dunnú, àwọn agbẹ́rin á dunnú, irin á le. Mo pa ihò rẹ́ lórí àwòrán, mo buwọ́ lù ú, mo sì lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀.

Kò pé oṣù mẹ́fà tí pọ́ǹpù fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Béárìn inú wọn ti jẹ tán. Ọ̀gá mi pè mí sí ẹ̀yìn ilé, ó tú ọ̀kan palẹ̀ níṣojú mi. Gíríìsì tó yẹ kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ti di ẹrẹ̀ dúdú, omi ń sun jáde lára rẹ̀, àwọn bọ́ọ̀lù inú béárìn ti dípẹtà. Ọ̀gá fi ìka ra ẹrẹ̀ náà, ó fi hàn mí. Ó wá dojú irin ọ̀hún dé.

"Ihò dà?"

Mo ní mo ti yọ ọ́, pé kò níṣẹ́ tó ń ṣe.

"Ta ló sọ fún ẹ pé kò níṣẹ́?"

Ẹnu mi wọhò. Ọ̀gá mi wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, kò sí ìbínú níbẹ̀, ìyẹn ló tilẹ̀ dùn mí jù. Wọ́n ní kò sí síìlì tí kì í jò tó bá dàgbà. Omi tó bá jò, ihò yẹn ni yóò gbà bọ́ sílẹ̀ kó tó dé béárìn. Wọ́n ní, "Omi tó ń kán yẹn ni ẹnu tí síìlì fi ń pariwo pé òun ti rẹ̀. O dí i lẹ́nu."

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹni tó ya ihò yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ti èmi ni pé n kò béèrè. Mo rí i pé ihò náà kò gbé ẹrù kankan, mo wá rò pé ohun tí kò bá gbé ẹrù kò níṣẹ́. Àwa tí wọ́n fi ìṣirò ẹrù kọ́ níṣẹ́, ibi tí ojú wa ti ń fọ́ nìyẹn. Omi, ooru, eruku, ọwọ́ ẹni tó máa tú u palẹ̀, gbogbo wọn ló ń gba inú àwòrán kọjá, ìlà kan sì wà tó ń ṣọ́ ọ̀nà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi, béárìn ló bàjẹ́. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Kansas City, ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1981, ẹ̀mí èèyàn ló lọ. Hyatt Regency ni hòtẹ́ẹ̀lì náà. Afárá inú ilé tí èèyàn ń gbà kọjá wà ní àjà kejì, òmíràn wà lókè rẹ̀ gan-an ní àjà kẹrin, ọ̀pá irin ló gbé méjèèjì rọ̀ láti òrùlé. Èèyàn kún gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ fọ́fọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Afárá àjà kẹrin já, ó balẹ̀ sórí ti àjà kejì, méjèèjì sì wó lu àwọn tó wà nísàlẹ̀. Èèyàn 114 ló kú.

Kí ló yí padà nínú àwòrán? Ohun tó ṣẹlẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ máa fi fẹ́ ká tún un sọ. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, ọ̀pá gígùn kan ni yóò ti òrùlé wá, yóò gba inú ìdábùú afárá òkè kọjá, yóò sì dé afárá ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀tù kan lábẹ́ ti òkè, nọ́ọ̀tù kan lábẹ́ ti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí nọ́ọ̀tù ti òkè tó lè dé ipò rẹ̀, àfi kí wọ́n gé eyín sára ọ̀pá náà láti ìsàlẹ̀ dé àjà kẹrin. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, eyín náà sì lè bàjẹ́ kí wọ́n tó gbé e sókè. Ni wọ́n bá sọ ọ̀pá kan di méjì. Ọ̀kan láti òrùlé dé afárá òkè. Èkejì láti ara ìdábùú afárá òkè dé ti ìsàlẹ̀. Ó rọrùn láti ṣe, ó rọrùn láti tò.

Ẹ fojú inú wo okùn kan tó rọ̀ wálẹ̀ sínú kànga. Ẹ ta kókó méjì sí i, ẹ gbé korobá omi kan kọ́ kókó òkè, ẹ gbé òmíràn kọ́ kókó ìsàlẹ̀. Kókó òkè ń gbé korobá kan, ti ìsàlẹ̀ ń gbé korobá kan. Ó yá, ẹ gé okùn náà lábẹ́ kókó òkè, kí ẹ wá so korobá ìsàlẹ̀ mọ́ ìdí korobá òkè. Okùn tó wà lókè kò mọ ìyàtọ̀, korobá méjì náà ló ń gbé. Korobá kò pọ̀ sí i, omi kò pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kókó òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé méjì. Nọ́ọ̀tù tó wà lábẹ́ ìdábùú afárá òkè nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ di ìlọ́po méjì lọ́jọ́ tí wọ́n pín ọ̀pá, ẹnikẹ́ni kò sì jókòó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe kí ìwé tó kọjá. Ìwádìí tí ìjọba ṣe lẹ́yìn náà tilẹ̀ fi hàn pé àwòrán àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ kò gbé ju nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ohun tí òfin ilé kíkọ́ ìlú náà ń fẹ́. Ara rẹ̀ kò le tẹ́lẹ̀, wọ́n wá di ẹrù lé e.

Àwọn tó dábàá ọ̀pá méjì kì í ṣe òpònú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, ọ̀pọ̀ yín ni yóò gbà á, pàápàá bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí ẹni tó ń ṣe irin náà sì ń dúró. Wọ́n rí ohun tó rọrùn fún ẹni tó ń ṣe é. Ibi tí ẹrù ń gbà kọjá ni kò sẹ́ni tó fi ìka tọ̀ láti òkè délẹ̀.

Bí mo bá dúró síbí, ẹ ó rò pé ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ má fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹni tó ṣáájú. Ó tì o. Ìlà mìíràn wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ti kú tipẹ́, tí òun ṣì jókòó síbẹ̀, tí gbogbo ayé sì ń kọ́lé lé e lórí. Ọkọ̀ òfuurufú Boeing 737 kọ́kọ́ fò lọ́dún 1967. Wọ́n dìídì mú ikùn rẹ̀ sún mọ́lẹ̀, kí ó lè rọrùn láti fi ọwọ́ kó ẹrù sínú rẹ̀, kí èrò sì lè gba àtẹ̀gùn kúkurú wọlé ní pápákọ̀ tí kò ní ohun èlò. Ó mọ́gbọ́n dání nígbà náà. Ẹnjíìnì ayé ìgbà náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ wẹ́kú.

Ẹnjíìnì wá ń fẹ̀ sí i, nítorí èyí tó bá fẹ̀ ni kì í jẹ epo púpọ̀. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n ní láti tẹ ìsàlẹ̀ èèpo ẹnjíìnì náà pẹrẹsẹ kó má baà ha ilẹ̀. Bí ẹ bá wo irú ọkọ̀ náà láti iwájú, ẹ ó rí i pé ẹnu rẹ̀ kò rí róbótó. Nígbà tó di ti 737 MAX, kò sí àyè láti tẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé ẹnjíìnì síwájú, wọ́n sì gbé e sókè. Ìyẹn wá mú kí imú ọkọ̀ náà máa fẹ́ gbéra sí i nígbà tí imú náà bá ti gbé sókè ju bó ṣe yẹ. Wọ́n fi sọ́fítíwià kan sí i, MCAS, tí yóò máa tẹ imú náà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Sọ́fítíwià yìí wá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ohun èlò kan ṣoṣo tó ń wo bí ọkọ̀ ṣe dojú kọ afẹ́fẹ́. Bí ìyẹn bá purọ́, MCAS gbà á gbọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: ọkọ̀ kan já ní Indonesia ní oṣù Kẹwàá 2018, òmíràn já ní Ethiopia ní oṣù Kẹta 2019, èèyàn 346 ló kú. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe kí ọkọ̀ náà tó padà sójú ọ̀run ni pé MCAS á máa fi ọ̀rọ̀ ohun èlò méjì wé ara wọn, kò sì ní máa tẹ imú wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ẹ̀kan mọ́.

Ẹ tẹ̀lé okùn yẹn padà. Láti ara sọ́fítíwià dé ẹnjíìnì, láti ẹnjíìnì dé gíga ikùn ọkọ̀, láti ibẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tó ń kó ẹrù ní 1967. Ìdí tí wọ́n fi mú ikùn wálẹ̀ ti tán ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀, ikùn kò gbéra. N kò sọ pé ó rọrùn láti gbé e sókè; ẹsẹ̀ ọkọ̀ á gùn, ibi tí ẹsẹ̀ ń ká sí á yí padà, ìyẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di tuntun. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí i pé àtúnṣe yín ń bí àtúnṣe, tí ìyẹn náà tún ń bímọ, ẹ lọ wo ìdí igi. Ó ṣeé ṣe kí ìlà kan wà níbẹ̀ tí gbogbo yín ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn.

Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ ti ikú nìkan: bẹ́líìtì inú mọ́tò tí gbogbo yín de wá síbí lónìí (mo lérò pé ẹ dè é) jẹ́ àtúnṣe. Púpọ̀ nínú èyí tó wà ṣáájú gba orí ikùn kọjá nìkan, ikùn ló sì ń pa lára tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan. Nils Bohlin, tó ti bá Saab ṣe àga tí ń ju awakọ̀ òfuurufú síta rí, ló ya èyí tó gba àyà àti ìbàdí fún Volvo, lọ́dún 1959. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé ó rántí ọwọ́: èèyàn lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo fà á kó sì dè é. Bẹ́líìtì tó bá nira láti dè, ẹ̀yìn àga ló máa ń wà. Volvo sì jẹ́ kí àwọn tó kù máa lò ó.

Ní ti bí mo ṣe ń ṣe é lónìí, kò pọ̀. Kí n tó ṣí àwòrán, màá lọ dúró ti ẹ̀rọ náà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Màá bá ẹni tó ń lò ó sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀, òun gan-an. Ìgbà mélòó ni mo ti rí i pé ohun tó dúró níwájú mi kò jọ ohun tó wà lórí bébà, nítorí ẹnì kan ti so wáyà mọ́ ọn, ẹnì kan ti ki rọ́bà bọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ má bú wọn. Rọ́bà yẹn ni àtúnṣe tó dára jù tí ẹ ó rí lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, màá wọn ohun tí mo fẹ́ mú dára kí n tó fọwọ́ kàn án, torí ẹni tí kò bá wọn ti àná kò ní mọ̀ bóyá ti òní sàn.

Àmọ́ ibi tí mo ń kanra mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jù ni àpótí kékeré tó wà ní igun àwòrán, níbi tí a ń kọ àtúnṣe sí. A, B, C, déètì, ìbuwọ́lù. Ẹ lọ wo ohun tí èèyàn ń kọ síbẹ̀: "A yí ìwọ̀n padà." A kúkú rí i pé ẹ yí i padà! Kí ló dé tí ẹ fi yí i? Kí lẹ rí? Kí lẹ kọ́kọ́ gbìyànjú tí kò ṣiṣẹ́? Bí àyè kò bá tó, ẹ fa ìlà lọ sí ẹ̀gbẹ́ bébà kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó máa gba àwòrán yẹn lẹ́yìn ogún ọdún kò ní rí yín béèrè. Ẹ ti lè fẹ̀yìn tì, ẹ ti lè gbàgbé, ẹ sì lè ti kú.

Ó yá, àpò dúdú. Irin yìí ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn pọ́ǹpù tó padà wá lọ́dún yẹn ni mo ti yọ ọ́. Ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọn kò sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ẹ gbé e kiri láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó wúwo díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó já lé ẹsẹ̀ yín. Tí ẹ bá dojú rẹ̀ dé, ẹ ó rí ibi tó dán pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, ibi tó yẹ kí ihò wà. Ẹ fi ìka kàn án. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ìpẹtà tó rí bí ilà yẹn ni ibi tí omi dúró sí títí tó fi rí ọ̀nà mìíràn gbà.

Mo rí ọwọ́ kan tó nà sókè níhà ọ̀tún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé maìkì fún wọn.